Mo Gbọ́ Ohùn Àjànàkú

Ẹni tó bá sọ pé ogun ti parí nílẹ̀ Yorùbá láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹ ní kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Isikan. Màá fi ihò ọta hàn án lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ogun kò parí rárá. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin ni, ó gun ọ̀kadà, ó sá wọ igbó, ó ń jí àgbẹ̀ gbé lóko. Àwọn ọmọ ogun tó ń lé e náà kò gun ẹṣin mọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gùn, ọkọ̀ ogbó tó ti jà káàkiri kó tó dé Àkúrẹ́. Bó bá ti kọṣẹ́, èmi Sherifat ọmọ Ràhímù ni wọ́n ń wá kiri.

Èmi kì í ṣe ṣọ́jà o, ẹ má ṣì mí mú. Mẹkáníìkì ni mí. Iṣẹ́ náà ni bàbá mi gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló sì fi kọ́ èmi àti àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Ijapo ni mò ń tún ṣe, àwọn tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ wọn bá húkọ́ lásán, wọ́n á ti fóònù mi. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù, bárékè ni mo wà, mò ń tún ọkọ̀ ogun ṣe. Àwọn ṣọ́jà ń pè mí ní Ìyá Ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá oúnjẹ ni mo gbé wá tà. Mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wá rí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá mi ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣàkírù ni orúkọ àbúrò mi. Òun wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ní tirẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe awakọ̀. Mo bá a jà nígbà náà. Mo ní, "Ìwọ tí o lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó o tún un tò, kí lo ń wá lọ sẹ́nu ìbọn?" Ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣàkírù kì í bínú. Gbogbo ìbínú tó yẹ kí ìyá wa pín fún àwa méjèèjì, èmi nìkan ni mo gbà á tán.

Ọkọ̀ tó ń wà ni wọ́n ń pè ní Àjànàkú. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni, aláwọ̀ ewé, ó sì ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó jẹ́ tuntun. Nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, sàlẹ́ńsà rẹ̀, tó yẹ kó máa pa ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, ti jẹrà pátápátá. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà Àkúrẹ́, kò sí ní Oǹdó, àwọn tó wà lókè sì ní ká máa retí. Mo retí títí, ó sú mi. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń lagi, mo gé páìpù kan lára ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́, mo ní kí wẹ́dà jó o mọ́ ìdí Àjànàkú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dún bí ẹyẹ àkàlà: húù, húù, húù, á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín. Kò tún sí ọkọ̀ tó ń dún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Bó bá gba títì kọjá, mo máa ń mọ̀ láti ilé ìdáná mi.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé èmi àti Ṣàkírù nìkan la mọ̀ ọ́n dájú. Eyín gíà kejì ọkọ̀ náà ti jẹ. Bí o bá já a lù ú bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, á han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá wa ló kọ́ wa bí a ṣe ń rọra ṣe irú gíà bẹ́ẹ̀: ká tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ká tú u, ká mí, ká tún un tẹ̀. Ṣàkírù á ṣe é bẹ́ẹ̀, gíà á sì wọlé láìsọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ tó kù kò ní irú sùúrù yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí kòkó ń pọ́n lọ́dún yẹn, àwọn ajínigbé ya wọ oko kan lẹ́bàá Ijare, wọ́n kó àgbẹ̀ mọ́kànlá lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n dà wọ́n gba inú igbó bí ẹni da àgùntàn, títí wọ́n fi kọjá Oǹdó, wọ́n sì lọ dó sí igbó kan tí wọ́n ń pè ní Àlùkò. Àwọn ọmọ ogun láti bárékè Àkúrẹ́ lépa wọn dé Oǹdó, wọ́n pàgọ́ sínú ọgbà ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọdé ti sá kúrò níbẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Èmi náà bá wọn lọ, torí rédíétọ̀ Àjànàkú ń jò, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọkọ̀ tí mo tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Rédíétọ̀ nìkan kọ́ ló gbé mi lọ. Ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé yẹn gan-an ni ilé ìyá Morẹ́nikẹ́ wà, Morẹ́nikẹ́ sì ni ìyàwó Ṣàkírù, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé. Ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bímọ, ó sì ti bímọbìnrin wẹ́rẹ́. Jímọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Àlàrùba la dé Oǹdó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a dé ni wọ́n pe ìgbìmọ̀, nínú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Kápútẹ́ẹ̀nì Gbémiga, ọ̀gá wọn, jókòó lórí tábìlì torí kò sí àga tó gbà á. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya igbó sójú pátákó.

Ó ní, "Ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró wa, wọ́n á da àwọn èèyàn yẹn lọ síwájú, tàbí kí wọ́n ṣe wọ́n níkà. Ìyá Ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ariwo Àjànàkú."

Mo ní, "Kí n fi kí ni dí i lẹ́nu, ọ̀gá? Ìrọ̀rí? Láti ọdún èṣí ni mo ti ń tọrọ sàlẹ́ńsà. Ẹ bi àwọn tó wà lókè yín."

Àwọn ṣọ́jà rẹ́rìn-ín. Bàbá ọdẹ kan tó wà láàárín wa kò rẹ́rìn-ín. Ògúnníyì lorúkọ rẹ̀, ará Ijare ni, òun ló ń fọ̀nà han àwọn ọmọ ogun. Ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn mọ́kànlá tí wọ́n kó lọ.

Ó ní, "Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó gba inú oko kòkó, ó já sẹ́yìn ibi tí wọ́n dó sí. Ṣùgbọ́n ewé kòkó gbígbẹ ti bo gbogbo ilẹ̀. Ọdẹ kan lè rìn ín láìdún. Ogún ṣọ́jà kò lè rìn ín láìdún. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bí wọ́n bá fi gbọ́ wa pẹ́nrẹ́n, a ti pàdánù."

Ìgbà náà ni àbúrò mi dìde níbi tó jókòó sí lẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Àjànàkú, sà," ló wí. "Bí mo bá ń wà á bọ̀ lójú ọ̀nà, tó ń hu bó ṣe máa ń hu, ta ló máa gbọ́ ewé gbígbẹ? Gbogbo wọn ló máa kó ìbọn wá dè mí. Kí Bàbá ọdẹ mú ẹ̀yin tó kù gba ẹ̀yìn, kí ẹ tú àwọn èèyàn wa sílẹ̀."

Kápútẹ́ẹ̀nì wo pátákó títí. "Ibi tí ìwọ bá wà ni ọta máa bọ́ sí."

"Mo mọ̀, sà."

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde. "O mọ kí ni? O mọ̀ pé ọmọ rẹ kò tíì lórúkọ? Ṣàkírù, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí sínú iṣẹ́ ṣọ́jà ni?"

Kò bínú. Ó yíjú sí mi. "Àǹtí mi, èèyàn mọ́kànlá ni. Àwọn náà lórúkọ."

Ògúnníyì ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Mo padà jókòó.

Ṣọ́jà kan wà tó ń jẹ́ Reuben, ọ̀rẹ́ Ṣàkírù ni, àwọn méjèèjì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni. Òun náà dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wà á, torí ọmọ tòun ti ń lọ sílé-ìwé. Kápútẹ́ẹ̀nì ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ṣàkírù ti gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó fi kan ahọ́n.

"Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú mi," ló wí, "kò sẹ́ni tó máa jókòó sídìí Àjànàkú bí kì í bá ṣe èmi."

Mo gbá sípánà náà dànù lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ Ràhímù! Ṣé irin lo fi ń búra, ìwọ tó ń kírun?"

Ó tẹ̀ wálẹ̀, ó he é, ó nu ún, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Irin ló bọ́ wa dàgbà, Àǹtí."

Reuben ní, "Ó dáa. Bí o kò bá jẹ́ kí n wà á, màá jókòó tì ọ́." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kápútẹ́ẹ̀nì ní kí gbogbo èèyàn kó fóònù wọn jọ sínú àpótí kan, kí àṣírí má baà lu jáde, ó sì ní ìdájí Àlàmísì ni a máa gbéra.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Ṣàkírù lọ kí Morẹ́nikẹ́. Wọ́n ti so àgbò mọ́ ẹsẹ̀ igi ọsàn, ìyá Morẹ́nikẹ́ sì ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Onígbàgbọ́ ni ìyá náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Ṣàkírù ju àwọn àna rẹ̀ tó ń bá a lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ṣàkírù gbé ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un.

Morẹ́nikẹ́ ní, "Sọ orúkọ tó o fẹ́ sọ ọ́ fún mi, jàre. Sọ ọ́ sí mi létí."

"Rárá o. Ó wà lẹ́nu mi, ẹ máa gbọ́ ọ ní Jímọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ nírọ̀lẹ́ yìí, Mọ̀ọ́mi á ti gbọ́ láàárọ̀, gbogbo Oǹdó á sì ti gbọ́ kí oòrùn tó mú."

"Ẹ gbọ́ o! Èmi wá di ẹlẹ́nu bí agbọ̀n!" Ìyá náà ju ẹ̀gúsí lù ú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àní èmi náà. Ṣàkírù kò sọ ibi tó ń lọ fún Morẹ́nikẹ́, àfi pé iṣẹ́ wà, pé òun á dé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó jáde. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má lọ fi agídí kú fún mi o. Ọgbọ́n ni kó o fi wà á."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí. Ṣé ẹ ti dí rédíétọ̀ yẹn?"

"Ìwọ lò ń bi mí níyẹn? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo bá àbúrò mi sọ kẹ́yìn. Bí mo bá rántí, inú mi máa ń bà jẹ́, torí mo ní ọ̀rọ̀ tó dáa jùyẹn lọ lẹ́nu.

Ní ìdájí, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ìrì ṣì wà lára kòríko. Bàbá ọdẹ àti Kápútẹ́ẹ̀nì ti kó àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà oko lọ. Mo bu omi kún inú rédíétọ̀, mo gbọn epo wò, mo fọwọ́ tẹ gbogbo táyà. Àwọn ṣọ́jà tó ń bá Ṣàkírù lọ ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń kì í bí wọ́n ṣe máa ń kì í:

*Àjànàkú, ọkọ̀ tí í bá ẹrẹ̀ jà tí ẹrẹ̀ í bẹ̀bẹ̀,*
*Arógbó-má-yà, a-hu-bí-àkàlà,*
*Ẹni o gbé lọ, o ò jẹ́ fi sílẹ̀ sóko!*

Ṣàkírù jókòó, ó fa àga sún mọ́ iwájú torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó juwọ́ sí mi. Mo dúró títí ọkọ̀ fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ọgbà, níbi tó ti máa bọ́ sí gíà kejì. Mo gbọ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́, tó mí, tó tún un tẹ̀. Gíà wọlé láìsọ̀rọ̀. Húù, húù, húù, ó ń jìnnà lọ.

Mo padà sí ilé ìyá Morẹ́nikẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo bá wọn gé àlùbọ́sà, mo bá wọn fọ abọ́. Ìbẹ̀rù bò mí, mo wá ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, mo pariwo mọ́ àgbò pàápàá. Nígbà tó yá, ìró ìbọn dé etí wa láti ọ̀nà jíjìn, bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́. Morẹ́nikẹ́ wò mí. Kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ibẹ̀ ló wà, àbí?"

Mo ní ibẹ̀ ló wà.

Kò sunkún. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi òróró pa á lára. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ ní etí fún ọkọ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn wá sọ fún mi. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún mi pé ó ti dé."

Mo ṣèlérí fún un.

Bí oòrùn ṣe kàn wá lórí, ọkọ̀ akérò méjì wọ ọgbà ilé-ìwé. Àwọn àgbẹ̀ Ijare ni! Gbogbo wọn pé, mọ́kànlá. Wọ́n rù, ẹsẹ̀ wọn wú, aṣọ wọn ti fà ya, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè. Àwọn ará àdúgbò tú jáde, ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá erùpẹ̀, ó ń fi èdè Ijare ké pé òun ń lọ ilé, "Mo ti ń lọ ulé! Mo ti ń lọ ulé mi o!" Ìyàwó Ògúnníyì ni. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń yọ ewé kúrò lórí rẹ̀.

Mo di ọdẹ náà lápá mú. "Àjànàkú ńkọ́?"

"Àwọn kò gba ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá ti lọ bá wọn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tí a ń tú okùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, ó ń hu lọ́hùn-ún. Kò dákẹ́ títí a fi tú okùn ẹni ìkẹyìn."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́ ọ. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ nígbà yẹn. Ó jìnnà réré, ṣùgbọ́n òun ni: húù, húù, húù, ikọ́, húù. Páìpù tí mo fi ọwọ́ ara mi gé! Mo sáré. Èmi àgbàlagbà yìí sáré gba àárín àwọn èèyàn bí ọmọdé, aṣọ ń já lára mi, mo ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi! Ó ti dé! Ọkọ rẹ ti dé! Mo gbọ́ ohùn Àjànàkú!"

Ìyá Morẹ́nikẹ́ jáde. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, Mọ̀ọ́mi! Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin!"

Ẹ ò bá rí Morẹ́nikẹ́. Ó bọ́jú, ó wé gèlè, ó bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ funfun wé ọmọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ pé òun àti ọmọ ni Ṣàkírù máa kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kó sọ orúkọ náà fáwọn níbẹ̀, Jímọ̀ jìnnà jù. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé orin sẹ́nu tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ṣíwájú, mò ń jó.

Ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbogbo èèyàn ti ń gbọ́ ọ báyìí. Mo mọ ibi tó máa bọ́ sí gíà kejì. Mo dúró kí n gbọ́ ọ dáadáa, bí ẹni tó ń dúró de orúkọ rẹ̀.

Gíà náà han.

Ó han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wọlé. Lára gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹlòmíràn ló wà nídìí rẹ̀. Mo sì rántí ohun tí Ṣàkírù fi sípánà mi búra.

Orin kò dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ mi ti dáwọ́ dúró. Mo di Morẹ́nikẹ́ lápá mú, mo ní, "Ìyàwó mi, gbé ọmọ wọlé. Oòrùn ti mú jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò mú jù, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó rí bàbá rẹ̀."

Àjànàkú wọ ọgbà. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ti fọ́ dànù. Reuben ló jókòó sídìí rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dúró, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ṣọ́jà wà lórí ìdúró lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti ṣí fìlà, tapólì sì bo nǹkan kan láàárín wọn. Kápútẹ́ẹ̀nì sọ̀ kalẹ̀ lára ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu àwọn obìnrin, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Morẹ́nikẹ́ wo ìdí ọkọ̀. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reuben, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ ní ó ti dé. Ẹ ní ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, ìyàwó mi. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́."

Kápútẹ́ẹ̀nì ní, "Reuben, pa ẹ́ńjìnnì."

"Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa á!" Igbe tí Morẹ́nikẹ́ ké nìyẹn, mi ò mọ ibi tó ti rí ohùn yẹn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Tó bá ṣì ń dún, ọkọ mi ṣì wà lọ́nà!"

Gbogbo wa dúró sínú èéfín. Àjànàkú ń hu, ó ń wúkọ́, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìyá Morẹ́nikẹ́ sún mọ́ ọmọ rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Èmi, mo jágbe mọ́ àna wa, lójú gbogbo ayé. Kò sàn jù! Kò sí èyí tó sàn nínú méjèèjì!

Ògúnníyì mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wá, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú Morẹ́nikẹ́, arúgbó méjì níwájú ọmọdé. Ọkùnrin náà ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi rèé. Ọkọ rẹ ló rà á padà." Morẹ́nikẹ́ ń wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ.

Reuben sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ láti àyà dé itan, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ó ní láti pariwo kí ohùn rẹ̀ tó borí ti ọkọ̀.

"Ọta bà á ní kùtùkùtù ìjà, Ìyá Ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó fún mi ní sítíárì, ó ní òun ti búra. Òun ló wà wá jáde kúrò lójú ìbọn. Nígbà tí a jáde tán, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó ní kí n má pa ọkọ̀, kí àwọn tó wà nínú oko kòkó lè máa gbọ́ ọ." Ó nu ojú. "Ó ní kí n sọ fún ìyàwó òun pé òun kò ní lè dúró di Jímọ̀. Ó sọ orúkọ náà fún mi. Ó ní Ayọ̀mídé. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n má gbàgbé, ó jẹ́ kí n pè é fóun lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó sídìí ọkọ̀."

Morẹ́nikẹ́ gbé ẹnu sún mọ́ etí ọmọ rẹ̀. A kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n. Gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ lọ pa á. Kì í ṣe Reuben. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó dé."

Mo gun Àjànàkú. Wọ́n ti fi ewé kòkó bo orí àga. Reuben kò sún àga náà sẹ́yìn, ó ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ kúkúrú Ṣàkírù fi í sí, orúnkún mi sì ń kan abẹ́ sítíárì. Lábẹ́ ibẹ̀ ni okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì wà, èmi fúnra mi ni mo so ó. Mo dì í mú. Mo pe orúkọ àbúrò mi, mo ní kó dárí jì mí, mo sì fà á.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìgbà náà la tó gbọ́ pé Ayọ̀mídé ti ń sunkún tipẹ́.